Ọ̀jọ̀gbọ́n Oníṣúgà

Bí mo bá darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ tí mo ka iṣẹ́ mi níwájú kíláàsì ní yunifásítì kò ní kúrò lọ́kàn mi.

Olùkọ́ wa ní kí a kọ nípa bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń pa irúgbìn mọ́ kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Ó ní kí a wá ìwé àwọn onímọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ àgbẹ̀ ní Kpankou, nítòsí Kétu, ni mí, àmọ́ ojú mi ti là; ta ni yóò tún bi ìyá rẹ̀ léèrè?

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí lórí tẹlifóónù ni mo dì mú: ojú ewé ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tó fi awò sójú, tó pe ara rẹ̀ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà. Ó ní kí a po ṣúgà mọ́ epo pupa, ká fi pa àgbàdo, kòkòrò kankan kò ní sún mọ́ ọn. Awò ojú yẹn ló tàn mí. Mi ò ka ojú ewé náà dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí mo délé lópin ọ̀sẹ̀, mo ní kí n dán an wò.

“Ṣúgà kẹ̀?” ni ìyá mi wí. “Àbí àgbàdo fẹ́ mu tíì ni?”

“Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni.”

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ irúgbìn kan fún mi, mo sì po ṣúgà mọ́ epo, mo fi pa á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kòkòrò kò sún mọ́ ọn lóòótọ́: èèrà ò fún wọn láyè! Wọ́n tò bí èrò ọjà Kétu. Ìyá mi gbé e síta kí èèrà lè kúrò níbẹ̀, ni ewúrẹ́ aládùúgbò bá jẹ ìyókù. Kò bú mi. Ó kàn ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ yẹn, ṣé ó tilẹ̀ lóko?”

Ẹ ò rò pé ó yẹ kí n ti gbọ́n? Èmi ní mi ò wọn ṣúgà náà dáadáa ni.

Mo ka iṣẹ́ mi ní kíláàsì, ohùn mi ń dún ketekete. Olùkọ́ ní kí n fi ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri fi ojú ewé náà han gbogbo ènìyàn. Ó fà á wálẹ̀, ó fà á wálẹ̀, títí ó fi kan ìsàlẹ̀: “Epo wa wà fún títà. Ó ń lé kòkòrò, ó ń wo ẹ̀yìn ríro, ó ń mú irun hù.”

Olùkọ́ fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó pá. “Ṣé kí n ra ìgò kan?”

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé náà. Òdo ni mo gbà, ṣùgbọ́n ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n tún un ṣe. Ó fi ibi tí ilé ìkàwé yunifásítì kó iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì hàn mí. Ó ní kí n máa wo ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, àwọn onímọ̀ mìíràn tó yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, àti ọjà tó ń tà.

Mo rí iṣẹ́ gidi méjì. Kí ni wọ́n sọ? Pé kí a so àgbàdo kọ́ sókè ààrò, kí èéfín máa fẹ́ sí i, ohun tí ìyá mi ń ṣe kí wọ́n tó bí mi! Mo pè é kó ṣàlàyé sí i. Ó ṣàlàyé títí, ó ní, “Kọ orúkọ mi síbẹ̀ o, má fi lẹ́tà kankan sílẹ̀.”

Mo kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ àwọn onímọ̀ yẹn, èmi nìkan sì ń rẹ́rìn-ín ara mi. Aṣọ funfun kì í sọni di onímọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wíwọ yunifásítì kò sọ èmi náà di ọlọ́gbọ́n.