Táyà Abíjàn àti Ẹ̀gẹ́ Ìyá Rísì

Ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ àwọn obìnrin ìlú Ọlá dúró sójú ọ̀nà nítorí tèmi, ọjọ́ náà ò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Kì í ṣe pé mi ò gbìyànjú láti gbàgbé. Àwọn ará Èjìgbò ni kò jẹ́.

Pikọ́ọ̀pù ni mo fi ń jẹun. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ata, ohunkóhun tó bá ti oko bọ̀ ni mo máa ń kó. Nígbà tí mò ń sọ yìí, táyà ọkọ̀ mi ti jẹ tán, gbogbo rẹ̀ ń dán bí orí apárí. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń ṣòwò ní Abíjàn gbọ́, ó sì pè mí lórí fóònù. Beau ló máa ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àna lọ́hùn-ún.

"Beau, táyà pọ̀ níbí. Mo máa fi mẹ́rin ránṣẹ́ sí ẹ, tòun ti ríìmù. Nọ́ńbà wo lọkọ̀ rẹ ń wọ̀?"

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: mi ò mọ nọ́ńbà kankan. Àmọ́ ta ló fẹ́ kí àna òun mọ̀ pé òun ò mọ ọkọ̀ tóun ń wà? Mo bá ṣe bí a ṣe máa ń ṣe ní Èjìgbò tí a bá ń ránṣẹ́ aṣọ ọmọ sí Abíjàn. Èyí tó tóbi díẹ̀ la máa ń ní kí wọ́n rà, torí pé ọmọ ń dàgbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà mú èyí tó tóbi."

"Voilà! Ọkùnrin ni ẹ́!"

Nígbà tí táyà dé, tí mo gbé ọ̀kan nàró, ó kàn mí ní ìbàdí. Inú mi dùn bí ẹni tó kọ́lé. Bàbá Ṣítù, àgbà fọkanáísà tó ń bá mi lẹ táyà láti ọjọ́ pípẹ́, bá mi dè é, ó wo ọkọ̀, ó wò mí.

"Ó wọ̀ ọ́ lóòótọ́," ni bàbá wí. "Àmọ́ ọkọ̀ òfìfo, kò sóhun tí ò lè wọ̀. Dẹ́rù lé e wò ná kó o tó rìn jìnnà."

"Ẹ má ṣèyọnu, bàbá," ni mo fi dá wọn lóhùn, mo sì fi ríìmù àtijọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn bí ẹni pé ó ń rùn. Mo yí ìlú ká lẹ́ẹ̀mẹta láìní ibi tí mò ń lọ. Òrùlé ọkọ̀ ẹlòmíì ni mò ń wò nísàlẹ̀. Mítà ọkọ̀ ní mò ń rìn jẹ́jẹ́, àmọ́ bí àwọn ewúrẹ́ ṣe ń sá fún mi, wọn ò gba mítà gbọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìyá Rísì ránṣẹ́ sí mi. Àwọn ni olórí àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí ní Ọlá, wọ́n sì ń wá onípikọ́ọ̀pù kan tí yóò máa kó ẹ̀gẹ́ wọn wá síbi ẹ̀rọ ní Èjìgbò látọdún dé ọdún. Wọ́n ní kí n wá kó ẹ̀ẹ̀kan wò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú iṣẹ́ yìí, kí n lè yé jókòó sí gáréèjì máa retí ẹni tó máa pè mí. Bí mo bá mú inú ìyá dùn lọ́jọ́ yẹn, ó parí.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ dojú rú níbi tí a ti ń dẹ́rù. Tẹ́lẹ̀, orí ni wọ́n ti máa ń da agbọ̀n ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Lọ́jọ́ náà, ṣe ni wọ́n ń na agbọ̀n sókè bí ẹni ń kẹ́rù sí àjà. Nígbà tó kan kí ìyá wọlé síwájú, ẹsẹ̀ wọn ò dé e. Wọ́n lọ gbé odó wá, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ìyá gùn ún.

"Látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi," ni wọ́n wí, "mi ò gun odó rí kí n tó wọ mọ́tò."

"Ẹ má bìínú, mà. Ìgbàlódé ni."

Ẹrù ti tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Bí ọ̀nà bá lọ tààrà, kò séwu. Ìgbà tí a dé kọ́nà àkọ́kọ́ ni táyà iwájú há mọ́ páànù tó bò ó, ló bá ń ké bí ẹni ń ya aṣọ.

"Kí ló ń ké?"

"Táyà ni, mà. Tuntun ni."

"Tuntun ló ń rùn báyìí?" Wọ́n fi ìborùn bo imú.

Mo pa á mọ́ra, mo ń wà á lọ. A dé òkè kékeré kan tí àwọn ọmọ iléèwé ń fi kẹ̀kẹ́ gùn láìmí. Mo fi jíà kìíní sí i. Ẹ́ńjìnnì ké, ó gbọ̀n, kò lè yí táyà ńlá yẹn tòun ti ẹrù. A bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn! Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi òkúta dí táyà. Ìyá Rísì nìkan ló kù, wọn ò lè sọ̀, torí odó wà ní Ọlá.

Kí ni mo máa ṣe? Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ tilẹ̀, ìyá fi ẹ̀yìn mi sọ̀ kalẹ̀. Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún àgbà lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ ẹni tó fi mí ṣe àtẹ̀gùn ò sí rí. Ojú tì mí débi pé mi ò tètè dìde.

Múfú, onípikọ́ọ̀pù ará ìlú Ara, ló bá wa níbẹ̀. Ọkọ̀ tiẹ̀ ti dípẹtà, táyà rẹ̀ ò ju nǹkan lọ, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré ló fi kó gbogbo ẹ̀gẹ́ náà dé ibi ẹ̀rọ. Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo pe Bàbá Ṣítù, wọ́n sì gun ọ̀kadà wá bá mi níbi tí ọkọ̀ dúró sí. Wọn ò wo táyà rárá, ilẹ̀kùn dírẹ́bà ni wọ́n ṣí. Wọ́n fọwọ́ nu eruku kúrò lára bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà táyà tí ọkọ̀ náà ń wọ̀ ló wà níbẹ̀, gàdàgbà. Ọdún méje ni mo ti ń fi èjìká gbún un tí mo bá ń wọlé.

"Ohun tó yẹni ló yẹni," ni bàbá wí, "okùn ọrùn ò yẹ adìẹ."

Mo ra táyà tòkúnbọ̀ tó ní nọ́ńbà yẹn, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Rísì.

"Mi ò bínú sí ẹ, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Àmọ́ Múfú tó kó ẹ̀gẹ́ wa dé ibi ẹ̀rọ la mú."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn béèrè lọ́wọ́ ọkọ̀ kó tó béèrè lọ́wọ́ ojú ayé. Ní báyìí, tí ẹ̀gẹ́ bá kún ọkọ̀ Múfú tó sì ṣẹ́ kù, wọ́n máa ń pè mí kí n wá kó ìyókù. Mo máa ń lọ. Ẹ̀rín ni mo sì máa ń rín lọ, torí bí mi ò bá rín ara mi, àwọn obìnrin Ọlá ti ṣe tán láti bá mi rín in.