Gíláàsì Tó Tú Àṣírí Mi

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láé. Ilé tí mo háyà ní Ẹ̀gbẹ́dá nígbà náà, oòrùn ọ̀sán ò fi pálọ̀ mi lọ́rùn sílẹ̀. Ni mo bá ní kí ọkùnrin oníṣẹ́ gíláàsì kan bá mi lẹ ike tín-ín-rín kan mọ́ fèrèsé. Bí oòrùn bá pa ike yìí, á funfun bí omi ògì, ooru ò sì ní rọ́nà wọlé dáadáa. Ọkùnrin náà ní, "Ọ̀gá, bó bá ti tutù, á tún mọ́ gaara o." Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni. Funfun yẹn nìkan ni mo gbọ́, mo sì yọ kọ́tìnnì kúrò.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìjọ wa ń gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, èmi sì ni olórí ẹgbẹ́ adúrà. Èmi tí mo pariwo lórí pẹpẹ pé ẹni tó bá jẹun ṣáájú aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ! Ọjọ́ kejì ni ebi fẹ̀yìn mi balẹ̀. Ní aago méjì ọ̀sán, mo gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì síwájú, mo jókòó ti fèrèsé tó funfun báláú.

Bí mo ṣe ń gbádùn ẹ̀ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn Màmá Díákónì, igbákejì mi, àti arábìnrin méjì lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ wà nílé? A ní ká wá bá yín gbàdúrà ni."

Ta ló máa rí mi? Mo rọra ń jẹ búrẹ́dì mi kó má baà dún.

Àṣé òjò ti ṣú. Ó dé wìì, ó ń lu gíláàsì, àwọn mẹ́ta náà sì sá wá sábẹ́ òrùlé níwájú fèrèsé mi gan-an. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, òjò ti mú gíláàsì tutù, ó ti mọ́ gaara. Ojú mẹ́fà ń wò mí.

Ó yẹ kí n bẹ̀bẹ̀, àbí? Rárá o. Mo dijú, mo gbọ́wọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń gbàdúrà. Búrẹ́dì ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Bọ̀ọ̀dá," ni Màmá Díákónì wí, "ẹ kọ́kọ́ gbé tẹnu yín mì ná."

Níbi tí mo ti fẹ́ ṣàlàyé ni ẹ̀wà ti há mi lọ́fun. Mò ń wúkọ́, omi ń bọ́ lójú mi. Bí mo ṣe ní kí n dìde, mo fi orúnkún gbá àwo, epo dà sí mi láṣọ. Arábìnrin kan ti ń pariwo Jésù níta, ó rò pé mo fẹ́ kú. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, Màmá gbá mi lẹ́yìn títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi là.

"Ebi ló ń pa mí, mà."

"Ká ní ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀," wọ́n ní, "ṣé a máa nà yín ni?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo fẹnu ara mi jẹ́wọ́ níwájú ìjọ. Ẹ̀rín pa wọ́n, pásítọ̀ ò lè wàásù mọ́. Ohun tí mo kọ́ ni pé kí n má ṣe fi dandan mú ẹlòmíì ṣe ohun tí ikùn tèmi ò lè gbà. Títí dòní, bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, Màmá á pè mí lórí fóònù: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti jẹun?" Èmi náà á ní, "Mo ti jẹ, mà," àá jọ bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ ojú ṣì ń tì mí, jàre.