Bí Mo Ṣe Lọ Làjà Lórí Ìtàgé

Ọjọ́ tí èmi àgbàlagbà gun orí ìtàgé tí ẹnikẹ́ni ò pè mí, kò ní tán lọ́kàn mi bọ̀rọ̀.

Èmi àti Múfú ọ̀rẹ́ mi la jọ lọ wo eré ní gbọ̀ngàn kan n'Íkẹjà. Ògbómọ̀ṣọ́ la ti ń bára wa bọ̀ láti kékeré. Agége la darúgbó sí. Eré náà dá lórí ọ̀rẹ́ méjì: ọ̀kan fi ìyà tó jẹ ẹ́ lọ́mọdé pamọ́ fún èkejì títí irun fi funfun. Múfú dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rò pé oorun ni. Nígbà tí àṣírí tú lórí ìtàgé, èkejì fárígá, ó ní òun ò bá a ṣọ̀rẹ́ mọ́. Ẹni ẹlẹ́ni tó fọ̀rọ̀ pamọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́!"

Àgbà wo ni yóò gbọ́ irú ẹ̀ tí yóò jókòó? Mo dìde. Múfú fa agbádá mi: "Eré ni wọ́n ń ṣe o!" Mo já a gbà. Bàtà mi kan yọ lórí àtẹ̀gùn, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo nawọ́ di ògiri mú kí n má baà ṣubú, àṣé páálí ni. Ilé onílé wó lulẹ̀ gbìì! Àwọn èrò pàtẹ́wọ́, mo rò pé wọ́n ń kí mi ni.

"Ọmọ mi, forí jì í," mo sọ fún oníbìínú.

Ọmọ náà gbọ́n, kò dá eré dúró. "Bàbá, ó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi! Ṣé ọ̀rẹ́ tiyín ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo gbọn agbádá. "Èmi kẹ̀? Múfú nìyẹn. Kò sóhun tó wà níkùn ẹ̀ tí n ò mọ̀!"

Gbogbo ojú yí sí Múfú. Ó ń sunkún.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fà á lọ́wọ́ jáde. Ìta níbẹ̀ ló ti sọ fún mi pé nígbà tóun ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, ọ̀gá òun a máa ti òun mọ́ inú kọ̀nténà onírin lọ́sàn-án gangan bóun bá ṣàṣìṣe. Omi bọ́ lójú èmi náà.

"Múfú, kí ló dé tó ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Ìgbà wo lo dákẹ́ rí?"

Ìyá ẹlẹ́pà kan rí arúgbó méjì tó ń sunkún, ó sáré dé. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà mọ́. Àgbà lẹ jẹ́!"

Mo la ẹnu kí n ṣàlàyé, mo tún pa á dé. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn: ẹni tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi kì í mọ ohun tó wà níkùn ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Múfú ló dá a lóhùn. "A ò jà, ìyá. Ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni."

Mo fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló jáde.