Ìdì Àwẹ̀ró Tó Yí Ìlú Ká

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ? Mo mọ ohun tí wọ́n sọ fún yín nílé. Wọ́n ní ẹni tó bá ń bá olè rìn, olè ni yóò dà. Ẹni tó bá ń bá ọmọlúàbí rìn, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa kí èèyàn láàárọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn tó sọ ọ́ kò jẹ̀bi, wọn kò sí níbẹ̀ ni. Èmi náà kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tó ìgbà méjìlá tí mo ti sọ ìtàn yìí, ẹnikẹ́ni kò sì tíì já mi nírọ́. Ọ̀rọ̀ ìsọ̀ ni. Ìsọ̀ obìnrin kan tó ń bá èèyàn di ẹ̀bùn.

Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pe obìnrin náà, ní ìlú Ìsànbò. Ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àjàgbé, ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í dá sí ọ̀rọ̀ kankan àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ìyá Àjàgbé ló ń se ọṣẹ dúdú fún gbogbo ìlú, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ní agboolé wọn, ìyàwó tó bá ti wọlé, ìdí ìkòkò ọṣẹ ló ń lọ. Eérú rèé, àdín rèé, èéfín rèé, àti igi gígùn kan tí wọ́n fi ń ro ọṣẹ láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Àwẹ̀ró ro ọṣẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, omi bọ́ lójú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Èéfín tó ṣẹ́kù lójú ló ni ọjọ́ kẹrin.

Ohun tí Àwẹ̀ró mọ̀ ọ́n ṣe ni dídì. Bó bá di ẹ̀kọ, ojú máa ń ti ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Ló bá lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

“Ìyá, mo fẹ́ pa àtíbàbà sí oríta. Mo fẹ́ máa bá èèyàn di ẹ̀bùn. Ẹni tó bá ń lọ síbi ìkómọ, ẹni tó bá ń lọ síbi ìṣílé, kó gbé ohun tó fẹ́ fi tọrẹ wá, kí n bá a dì í kó wuyì.”

“Kí wọ́n wá fún ọ ní kí ni?”

“Ohunkóhun tó bá tọ́ sí iṣẹ́ náà ni, Ìyá.”

“Nítorí ewé?”

“Nítorí dídì.”

“Ewé tí wọ́n máa já jù sí ààtàn kí ewúrẹ́ jẹ?” Ìyá Ọlọ́ṣẹ gbé igi ọwọ́ rẹ̀ jókòó. “Àjàgbé! Wá gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ ń sọ o! Ó ní òun fẹ́ máa ta ohun tí ewúrẹ́ ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́!”

Àjàgbé ní òun ń bọ̀. Kò wá.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ yíjú padà sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. “Ó dáa. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ni. Láti òní títí di ọjọ́ tí Kábíyèsí yóò jẹ iṣu tuntun, lọ máa dì. Bí ìsọ̀ rẹ bá bọ́ ọ, n kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ ọṣẹ mọ́ láyé mi. Bí kò bá bọ́ ọ, igi ìroṣẹ yìí ni wàá dì mú títí irun orí rẹ yóò fi funfun.”

“Mo gbà, Ìyá.”

“Má tíì gbà. Ọjọ́ kẹjọ ọmọ Ojúọlápé ni lọ́la.” Ó bu ọṣẹ tó tó ìkúùkù méjì, ó gbé e lé Àwẹ̀ró lọ́wọ́. “Di èyí, kí o gbé e lọ fún un lórúkọ mi. Èmi kò fẹ́ rí i o. N kò lè máa wo ọṣẹ tó wọṣọ jù mí lọ.”

Ẹ ò rí i? Ó ti kọ̀ láti rí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Àwẹ̀ró dì í láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ewé gbòdògì mọ́kànlá ló lò, ọ̀kan lórí èkejì, ó ká etí wọn wọnú ara wọn kí ohunkóhun má bàa jò. Ó mú ìko tó ti rẹ sínú aró, ó mú èyí tó ti fi osùn pa, ó mú funfun kún un, ó fi wọ́n so ó, ó sì ta kókó kan sí òkè pátápátá tó yọ etí méjì síta bí etí ehoro. Nígbà tó parí, bàbá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ kọjá níbẹ̀, ó kí ìdì náà pé ẹ kú ìjókòó.

Ojúọlápé rí i, ó gbàgbé ọmọ sí ẹsẹ̀.

“Àwẹ̀ró! Èmi ni wọ́n di èyí fún?”

“Ẹ̀yin ni. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní kí n gbé e wá. Ẹ tú u, ohun tó wà níbẹ̀ ni...”

“Má sọ! Tú kí ni? Ṣé orí mi dàrú ni? Irú èyí ṣe é tú?”

Ó gbé e sórí àjà, lókè ààrò tí wọ́n ti ń se omi ìwẹ̀ ọmọ. Gbogbo obìnrin tó wá kí ọmọ, òkè ni wọ́n ń wò. Ọmọ náà ní láti ké kí wọ́n tó rántí pé òun ni wọ́n wá kí.

Inú Àwẹ̀ró dùn. Ó kó ewé, ó kó ìko, ó jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ó ń retí èrò. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Ògúnrìndé alágbẹ̀dẹ ṣílé. Baba Ìkókó, ọkọ Ojúọlápé, kò ní ohun tó máa mú dání, ẹ sì mọ̀ pé a kì í fọwọ́ lásán lọ síbi ìṣílé. Ojú rẹ̀ lọ sí àjà. Kò pẹ́ ló ń kọjá níwájú ìsọ̀ Àwẹ̀ró pẹ̀lú ìdì náà lórí.

“Àwẹ̀ró, o kú iṣẹ́ o! Ọwọ́ rẹ mà dára o!”

“Ẹ ṣé, Baba Ìkókó. Ẹ ò ní di nǹkan lónìí?”

“Kí ni mo tún fẹ́ dì? Èyí tí o dì ni mò ń gbé lọ yìí.”

Alágbẹ̀dẹ náà kò tú u. Ó ní irin ni òun mọ̀ ọ́n tú, ọwọ́ òun yóò fa nǹkan ẹlẹ́gẹ́ ya. Ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹwìrì, níbi tí atẹ́gùn gbígbóná ti ń fẹ́ sí i tọ̀sán-tọ̀sán, ó so ṣaworo mẹ́ta mọ́ ọn. Ó gbé e wò lọ́wọ́, ó ní pẹ̀lú bó ṣe wúwo tó, iyùn ni.

Nígbà tí wọ́n fi Olúọdẹ jẹ, kí ni alágbẹ̀dẹ gbé lọ? Ẹ ti mọ̀. Ó kọjá níwájú ìsọ̀ Àwẹ̀ró, ṣaworo ń dún wọnwọn, ó ju ọwọ́ sí i. Olúọdẹ gbà á, ó gbé e sókè ibi tó ti ń yan ẹran ìgbẹ́, ó ki ìyẹ́ ẹyẹ agbe bọ̀ ọ́ yí ká, ó fi awọ ìgalà gbà á nídìí. Kò sọ ohun tó rò pé ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó máa ń ṣí filà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àìsàn tó ń ṣe ìsọ̀ náà. Iṣẹ́ Àwẹ̀ró dára jù. Ká ní ó di ìdì náà ní ìdìkudì ni, Ojúọlápé ì bá ti já a jù sí ààtàn, ewúrẹ́ ì bá ti jẹ ẹ́, Baba Ìkókó ì bá sì ti padà wá di òmíràn. Ní báyìí, ìdì kan ṣoṣo ti ń bá gbogbo ìlú ṣe ìnáwó. Èrò ń wá sí ìsọ̀ o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Wọ́n á ti òkèèrè bọ̀, Àwẹ̀ró á dìde, á gbá ilẹ̀, á na ìko.

“Àwẹ̀ró, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ta ni ìdì yẹn wà báyìí?”

“Ó wà lọ́dọ̀ Olúọdẹ.”

“Ẹ ṣé o. Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ yín.”

Wọ́n á kọjá lọ. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí ìbùkún nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ọlọ́ṣẹ á yà níbẹ̀. “Ìyàwó mi, o kú ọjà o. Ewúrẹ́ mélòó ló rajà lónìí?” Nígbà tí ọdún iṣu ku oṣù kan, ó mú igi ìroṣẹ náà dání wá. “Mo ti ní kí wọ́n fá a dán fún ọ, kí ẹ̀gún má gún ọ lọ́wọ́.” Àwẹ̀ró kí i pé ẹ ṣé, Ìyá. Ó fi ìko nu ojú.

Olúọdẹ ní láti kí ọba kí ọdún tó dé. Bí ìdì náà ṣe wọ ààfin nìyẹn. Kábíyèsí gbà á, ó kọ̀ láti tú u, ó fi ṣe ìrọ̀rí. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló fi sùn lé e. Ó ní òun ń gbọ́ ìró iyùn nínú rẹ̀. Ṣaworo alágbẹ̀dẹ ló ń gbọ́.

Ọjọ́ ọdún pé. Gbogbo ìlú péjọ sí iwájú ààfin. Kábíyèsí jẹ iṣu tuntun, epo pupa sì ń ṣàn ní ìka rẹ̀. Àṣà wọn ni pé ọba á fi ohun iyebíye kan ta ẹnì kan tó ti sin ìlú lọ́rẹ lọ́jọ́ náà.

“Lọ́dún yìí,” ni Kábíyèsí wí, “ẹni tó ti ń wẹ ìlú yìí mọ́ láti ogójì ọdún ni. Ẹ pe Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ẹ gbé ìdì náà wá.”

Ìyá Ọlọ́ṣẹ jó dé iwájú. Wọ́n gbé ìdì lé e lọ́wọ́: ewé ti gbẹ, èéfín ti sọ ọ́ di pupa, ṣaworo ń dún, ìyẹ́ dúró gangan. Kò mọ̀ ọ́n. Báwo ló ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ó yíjú sí Àwẹ̀ró.

“Ìyàwó mi, ṣé o rí dídì? Ọwọ́ tó di èyí, ọwọ́ ni! Kì í ṣe ti oúnjẹ ewúrẹ́!”

Àwẹ̀ró rí etí ehoro méjì láàárín ìyẹ́.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u níbí.”

“Ẹ ò rí ìlara!”

Nínú gbogbo ìlú Ìsànbò, ẹnì kan ṣoṣo ni kò ka ewé kún, òun náà ló sì láyà láti tú u. Ó já ìko. Ó ṣí ewé kìíní, ìlú ní “ọ̀kan!” Ó ṣí ìkejì, wọ́n ní “méjì!” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà á bọ̀. Ó ṣí ìkọkànlá. Kò sí nǹkan kan. Ewé dúdú mọ́kànlá ló wà nílẹ̀, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara wọn.

Ẹnì kan sọ lẹ́yìn pé, “Kábíyèsí mà fún un ní ewé.”

Ojú ọba pọ́n ju epo ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní ẹni tó bá kó ohun inú ìdì náà, oòrùn kò ní wọ̀ bá a ní ìlú. Ó wo Olúọdẹ. Olúọdẹ ní alágbẹ̀dẹ ló fún òun. Alágbẹ̀dẹ ní Baba Ìkókó ni. Baba Ìkókó ní ìyàwó òun ni. Ojúọlápé gbé ọmọ pọ̀n, ó nàka sí Ìyá Ọlọ́ṣẹ. “Ẹ̀yin náà lẹ fún mi, Ìyá!”

“Ọṣẹ ni mo fi síbẹ̀!” ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ pariwo. “Ọṣẹ tó tó ìkúùkù méjì! Ìyàwó mi ni mo gbé e fún kó...”

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ jù. Gbogbo ojú ti wà lára Àwẹ̀ró. Àjàgbé la ẹnu, ìlú sì yíjú sí i, nítorí wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí láwùjọ. Ó bèèrè bóyá nítorí èyí, wọn kò ní pín iṣu mọ́.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. “Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Kí n tó lọ, ẹ fún mi lómi, kí n fọ epo ọwọ́ yín.”

Wọ́n gbé omi wá. Ó mú ewé kan nílẹ̀, ó fi ra ọwọ́ ọba. Ewé hó. Ó hó funfun báláú, ó kún ọwọ́ ọba dé ìgbọ̀nwọ́. Epo wábi gbà.

“Ewé wo lèyí?”

“Gbòdògì ni, Kábíyèsí.”

“Gbòdògì kì í hó.”

“Ó ti ń bá ọṣẹ gbé láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀. Ó gbé lókè ààrò Ojúọlápé, ó gbé lẹ́bàá ẹwìrì, ó bá ẹran ìgbẹ́ yáná, ẹ̀yin náà tún gbórí lé e. Ọṣẹ yọ́, kò sì ríbi jáde, inú ewé ló mu ún.”

“Kí ló dé tí kò ríbi jáde?”

“Èmi ni mo dì í, Kábíyèsí.”

Ọba wo ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí adé fi wọ́. Ó ní òun dájọ́: ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ, ọṣẹ ni. Ìlú kó bo ewé mẹ́wàá tó kù.

Ọjọ́ kejì, èrò kún ìsọ̀. Kì í ṣe ẹ̀bùn ni wọ́n gbé wá, ewé tó ń hó ni wọ́n ń fẹ́, ọ̀kan fún oko, ọ̀kan fún odò. Ìyá Ọlọ́ṣẹ kò yẹ àdéhùn. “Ìsọ̀ rẹ ti bọ́ ọ. N kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ ọṣẹ mọ́.” Ó gbé igi kọ́.

Ṣùgbọ́n ewé kì í dá hó. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, Àwẹ̀ró padà wá kúnlẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní igi yẹn.”

“Igi wo?”

“Igi ìroṣẹ.”

“N kò mọ igi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣèlérí.”

Ọjọ́ méje gbáko ni Àwẹ̀ró fi bẹ̀bẹ̀ kí Ìyá Ọlọ́ṣẹ tó gbà kó ro ọṣẹ. Ó rò ó láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ó rò ó títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Nígbà tí ìyá àgbà náà papò dà, ẹnikẹ́ni kò rántí orúkọ Àwẹ̀ró mọ́ ní Ìsànbò. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni wọ́n ń pè é.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi yín bóyá ìsọ̀ ẹni tó ń di ẹ̀bùn lè bọ́ èèyàn, ẹ ní ó lè bọ́ ọ dáadáa. Kó ṣáà wo ohun àkọ́kọ́ tó máa dì dáadáa. Ọṣẹ ni Àwẹ̀ró sá fún tó fi lọ forí pamọ́ sábẹ́ ewé, ewé tó bá sì pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.