Bí Ọláníyì Ṣe Jẹ́rìí Fẹ́lóṣíìpù Tí Kò Tíì Gbà

Dúró ná! Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, pa fóònù rẹ, sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, kí o sì fetí sí mi. Ẹ̀mí kan ń da àwọn ọ̀mọ̀wé wa láàmú ní ìhà ibí yìí, kì í sì í ṣe ẹ̀mí tó wá láti ilé bàbá ẹnikẹ́ni. Ẹ̀mí "mo ti gbà á" ni. Ẹni tí kò tíì gbà á ló sì máa ń gbé e kiri jù.

Ọ̀rọ̀ Ọláníyì Fáwùmí ti Ìkọ̀lé ni mo fẹ́ sọ. Ọlọ́run fún ọkùnrin yìí ní orí pípé, ó fún un ní ohùn dídùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín bíréèkì ẹnu, ó jọ pé ó ti lọ tò síbi tí wọ́n ti ń pín agbádá. Bí Ọláníyì bá pa eku, erin ni yóò ròyìn. Bí ó bá yege nínú ìdánwò kan ṣoṣo, láti Ọ̀tùn dé Ìdó ni wọn yóò ti gbọ́ pé òun ló kọ́ ọ̀gá tó kọ́ òun.

Ó ń kàwé oyè dókítà. Ó ti ń kà á láti ìgbà tí Ìkẹ́olúwa ìyàwó rẹ̀ ti wà ní ọmọge. Ọpẹ́yẹmí, àkọ́bí wọn, ti ń yá ṣòkòtò rẹ̀ wọ̀ báyìí. Ohun tó ń wádìí nìyí: kí ló dé tí àwọn ọmọ kan ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n sì ń parí rẹ̀, tí àwọn mìíràn ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà? Kò tíì rí ìdáhùn. Yunifásítì sì ti kìlọ̀ fún un: bí kò bá rí ẹni fowó ti ìwádìí náà lẹ́yìn lọ́dún yìí, kí ó kó ẹrù rẹ̀ máa lọ ilé.

Ibi tó le sí nìyẹn, tí àjọ aláàánú kan l'Ábújá fi kéde fẹ́lóṣíìpù. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mú nínú àwọn tó ń kàwé dókítà. Àjọ náà yóò gbọ́ bùkátà rẹ̀, kí ó lè jókòó wádìí ọ̀rọ̀ yìí gan-an: àṣeyọrí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí ẹni pé Olúwa wo ojú Ọláníyì kó tó dá fẹ́lóṣíìpù náà!

Màdáámù Bùkúnmi Ògúnrìndé, tó ń yan ènìyàn fún àjọ náà, pè é lórí fóònù.

"Ọ̀gbẹ́ni Fáwùmí, ẹ̀yin fúnra yín, kí lẹ ti ṣe rí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí?"

Ìdáhùn tòótọ́ ni "kò sí." Ó kúrú, ó rọrùn, ọmọdé lè pè é. Ṣùgbọ́n ẹnu Ọláníyì kì í gba ohun kékeré.

"Há! Màdáámù! Mo ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mò ń tọ́ sọ́nà ní gbọ̀ngàn ìjọ wa. Gbogbo Sátidé! Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ẹyọ kan kò já sílẹ̀ rí!"

Ẹ̀yin ará, ẹ má tètè dá a lẹ́jọ́. Ẹgbẹ́ tí kò sí, ta ni yóò já sílẹ̀ nínú rẹ̀?

"Ó dára gan-an," ni màdáámù wí. "Ẹ retí mi ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo fẹ́ fojú ara mi rí wọn."

Ẹlòmíràn ì bá gbààwẹ̀. Ọláníyì wọ kóòtù ní Sọ́ńdè, ó jáde lọ jẹ́rìí. Ní ìjọ wa, a máa ń fi ìgbàgbọ́ dúpẹ́ fún ohun tí kò tíì dé. Àṣà rere ni, ṣùgbọ́n ohun tí a bẹ Ọlọ́run fún ni à ń dúpẹ́ fún bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun tí a pa irọ́ lé.

"Ẹ yin Olúwa! Mo ti gba fẹ́lóṣíìpù! Láti Àbújá!"

Ìyá Fẹ́rànmí, tó jẹ́ ìyá ìjọ, yí sí ẹni tó jókòó tì í. "Fẹ́lóṣíìpù kẹ̀? Ṣebí a máa ń ṣe é níhìn-ín ní gbogbo Wẹ́sìdeè. Kí ló gbé e dé Àbújá?"

Pásítọ̀ Iṣẹ́olúwa ti dìde. "Dókítà Fáwùmí!" Ìjọ dáhùn: "Àmín!" Orí Ọláníyì wú débi pé ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á jáde.

Ó délé, ó wá rántí pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn gidi ti lọ fún ìsinmi. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yá èèyàn kiri bí ẹni ń yá àga òde. Ó mú Wọlé tó ń lẹ táyà. Ó mú Sùnmọ́nù ọlọ́kadà. Ó kó àwọn ìyá ẹgbẹ́ akọrin, ó sì fi ìrẹsì bẹ Ìyá Fẹ́rànmí.

"Dókítà," Sùnmọ́nù bi í, "kí lèmi ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì?"

"Jọ́gíráfì."

"Ó ti tó. Mo mọ gbogbo kòtò tó wà láti ìhín dé Ọ̀yẹ́."

Ìkẹ́olúwa kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ọpẹ́, ẹ pe obìnrin yìí, kí ẹ sọ òótọ́ fún un."

"Ìyàwó mi, Gídíónì kò nílò ọ̀pọ̀ èèyàn kó tó ṣẹ́gun."

"Gídíónì kò yá ọmọ ogun ní ibùdókọ̀ ọlọ́kadà."

Ọjọ́ gbogbo ni ti afúnnu, ọjọ́ kan ni ti àlejò. Sátidé dé, Màdáámù Bùkúnmi dé pẹ̀lú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbọ̀ngàn kún. Pásítọ̀ jókòó ní iwájú, torí pé kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìjọ kó má jókòó síwájú.

Màdáámù kúnlẹ̀ kí Ìyá Fẹ́rànmí. "Ẹ kú ìkàlẹ̀ mà. Ọdún kelòó lẹ wà báyìí?"

"Mo ti lé ní àádọ́rin, ọmọ mi. Olúwa ló dá mi sí."

"Àgbà akẹ́kọ̀ọ́!" Ọláníyì já lu ọ̀rọ̀ wọn. "Àwa kì í fi ọjọ́ orí dá ẹnikẹ́ni dúró, màdáámù!"

Ó kan Sùnmọ́nù. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Kọ́lẹ́ẹ̀jì wo lẹ wà?"

"Gbogbo wọn ni, mà. Ibi tí èrò bá ṣáà ti ń lọ."

Òógùn bo Ọláníyì. Màdáámù kò bínú. Ó kọjú sí gbogbo wọn, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun tí mo máa ń béèrè níbi gbogbo. Ta ni ìwé kíkà ti nira fún nínú yín, tó fẹ́ ìrànlọ́wọ́? Ẹ má tijú. Ẹ na ọwọ́ sókè."

Ye! Ó sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn! Ẹni tó bá mọ̀ wá mọ̀ pé níbẹ̀, ọwọ́ tó bá lọ sókè kì í dá lọ. Ẹsẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé e, orúnkún yóò sì tẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ọwọ́ kan lọ sókè. Igba tẹ̀ lé e. Máìkì sì ti bọ́ sọ́wọ́ Pásítọ̀ Iṣẹ́olúwa.

"Mo rí ọwọ́ yẹn! Mo rí ọ, ìwọ tí o wà lẹ́yìn! Bọ́ síwájú! Olùrànlọ́wọ́ rẹ ti dé!"

Wọ́n tú síwájú bí oyin. Wọlé ń ké: "Olúwa, gbogbo Wáẹ́ẹ̀kì tí mo ṣe ni mo fìdí rẹmi!" Sùnmọ́nù, tó jẹ́ pé láti mọ́ṣáláṣí ló ti wá, wó lulẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn: "Pásítọ̀, ẹ fi tèmi kún un! Ọlọ́run kan náà la jọ ń bẹ̀! Pírámárì ni mo ti sá!" Ìyá Fẹ́rànmí ju ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀: "Bàbá mi è rán mi lọ ulé ùwé rárá! Olúwa, uṣẹ́ rẹ rè é o!"

Ọláníyì sáré síwájú láti fà wọ́n padà. "Ẹ dìde! Ẹ jókòó! À ń tẹ̀ síwájú!"

Pásítọ̀ rí eré tó ń sá bọ̀, ó rò pé eré ìgbàgbọ́ ni. Ó gbá a lórí mú.

"Arákùnrin Ọláníyì pàápàá ti dé! Jẹ́wọ́, ọmọ mi! Tú u jáde!"

Ìjọ yìí ni wọ́n ti sọ Ọláníyì lórúkọ. Láti kékeré, bí ọwọ́ pásítọ̀ bá ti kan àtàrí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó kúnlẹ̀. Máìkì wà ní ẹnu rẹ̀.

"Olúwa, ṣàánú mi! Mi ò mọ ohun tí mò ń kọ mọ́! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀rù láti ṣí ìwé náà wò! Mi ò ní ẹgbẹ́ kankan! Ọlọ́kadà ni Sùnmọ́nù!"

"Halelúyà!" ni ìjọ dáhùn.

Irọ́ ti rin ìrìn ogún ọdún. Òótọ́ gun ọ̀kadà, ó bá a ní gbọ̀ngàn ìjọ. Àgbà tó bá jẹ́rìí àìwẹ̀yìn ni yóò ru máìkì rẹ̀ délé.

Màdáámù Bùkúnmi nu ojú rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó jẹ ìrẹsì, ó sì lọ. Ọláníyì kò jẹun fún ọjọ́ mélòó kan. Lọ́jọ́ kan ni fóònù dún.

"Ọ̀gbẹ́ni Fáwùmí, mo ròyìn ìjẹ́wọ́ yín fún ìgbìmọ̀ wa. Ó wú wọn lórí gan-an."

Ọláníyì fò sókè. "Ìkẹ́! Ìkẹ́olúwa! Olúwa ti ṣe é! Màdáámù, ọjọ́ wo ni kí n bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ má bínú, sà. Ọmọbìnrin kan láti Ìsàn la fún ní fẹ́lóṣíìpù náà. Ṣùgbọ́n yóò máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Ìkọ̀lé. Ó fẹ́ mọ ìdí tí àwọn kan fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwé tí wọn kì í sì í parí rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ̀yin ni yóò fi ṣe ìwádìí."

Ìkẹ́olúwa gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ní kó máa bọ̀, mà. Wọ́n wà nílé."

Ìwọ ńkọ́, ẹni tí o ń rẹ́rìn-ín? Irọ́ wo lo sọ fún ta ni, tí o ń retí kí Ọlọ́run bá ọ sọ di òótọ́ kó tó di Sátidé? Mo fi orúkọ Olúwa bẹ̀ ọ́, má dé ibẹ̀. Ṣẹ́rí padà. Fóònù tí mo ní kí o pa, tàn án nísinsìnyí, pe onítọ̀hún, kí o sì sọ fún un pé: "Kò sí."