Tábìlì Tí Kì Í Mì

Ẹ wò mí dáadáa. Èmi rèé, Baba Ṣọ́ọ̀kì, Kòtò-ń-bẹ̀-mí, ẹni tó ń tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ eré ìje ṣe. Èmi ni mo fún ara mi lórúkọ wọ̀nyẹn, torí mo dúró títí, ẹnikẹ́ni ò fún mi ní ọ̀kan.

Ìyá ìyàwó mi ní àwo orin kan ṣoṣo tí ọkọ wọn tó ti dolóògbé kọrin sí. Kò síbòmíràn tá a ti lè gbọ́ ohùn bàbá náà mọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pákó ni ilé wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti rìn kọjá, abẹ́rẹ́ giramafóònù á fò.

Mo ní, "Màmá, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ohun tó ń gbé ọkọ̀ tó ń sáré bí ìjì, ṣé giramafóònù ló máa wá ṣòro fún un?"

Mo jó irin pọ̀ di tábìlì, mo fi sípírìn, irin lílọ́ tó ń gbé ọkọ̀ eré ìje, sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo kùn ún ní pupa. Ìyàwó mi fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kò mì.

"Ṣé kò le jù báyìí?"

"Ìwọ lo wá mọ ọkọ̀ jù mí lọ?"

Àgbà tó mọṣẹ́ kì í gbàmọ̀ràn lẹ́nu ìyàwó. Mi ò mọ ẹni tó pa òwe yẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èmi náà ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo kó gbogbo ẹbí jọ sí pálọ̀, mo gbé giramafóònù sórí tábìlì mi. Àwo ń yí, Bàbá olóògbé gbóhùn sókè nínú rẹ̀, Màmá dijú. Ó yẹ kí n panu mọ́.

Mo ní, "Gbogbo yín, ẹ fò sókè."

Màmá lajú. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Kí erin jó níbí, kò ní mì."

Gbogbo ilé fò. Sípírìn tó máa ń gbé odidi ọkọ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà lórí òun. Ó le gbagidi, ó gba gbogbo ìgbọ̀nrìrì ilẹ̀ náà, ó gbé e fún abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ fá àwo náà láti etí dé àárín.

Ojú tì mí. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá kó sí i. Màmá mú àwo náà, wọ́n fi etí aṣọ nù ún, wọ́n rí ìlà gbọọrọ tó gba orí ohùn ọkọ wọn kọjá. Wọ́n wá ibi tí wọ́n á jókòó sí, tábìlì ló sún mọ́ wọn jù. Ìyàwó mi sáré gbé giramafóònù kúrò, Màmá sì jókòó sórí tábìlì mi, pẹ̀lú gbogbo ara ńlá wọn.

Sípírìn tẹ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì rọra gbé wọn padà sókè.

Màmá sún ìdí díẹ̀, wọ́n tún dán an wò.

"Ọkọ ọmọ mi," wọ́n ní, "àga lo ṣe."