Ọjọ́ Tí Adìyẹ Jẹ Wúrà Íjíbítì

Ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi ò lè gbàgbé láéláé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá nígbà náà, wọ́n sì ní kí n ṣe ayaba Fáráò nínú eré Jósẹ́fù tí àwa ọ̀dọ́ ìjọ fẹ́ ṣe ní ìkórè, l'Órin-Èkìtì.

Mo ti rí àwòrán àwọn obìnrin Íjíbítì àtijọ́ nínú ìwé kan, bí wọ́n ṣe yà wọ́n sára ògiri ibojì. Ìlẹ̀kẹ̀ wúrà bo ọrùn wọn, ó gba èjìká, ó dé àyà. Kódà àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún òkú wọ wúrà! Àwa ò ní wúrà nílé wa. Àgbàdo la ní. Mo rẹ ẹ́ sómi kí abẹ́rẹ́ lè gbà á kọjá.

Láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi, màmá mi ò rẹ́rìn-ín mọ́, wọn ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ojú fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó sí. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ṣàdédé ní, “Gbé uṣẹ́ ọ̀ún wá.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sín àgbàdo náà.

“Ṣé àwọn ará Íjíbítì yìí máa ń sin wúrà mọ́ òkú ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.”

“Aago ọwọ́ bàbá rẹ nìkan ni mo fi sí i lọ́wọ́.”

Mo kàn ń na okùn fún wọn.

Nígbà tí mo kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ wúrà, ó dán yanran. Àmọ́ lọ́jọ́ eré, ooru mú lábẹ́ àtíbàbà, òógùn dé, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sára aṣọ funfun mi. Ìyẹn ṣì kéré. Àkùkọ kan wà lára ohun ìkórè tí wọ́n fẹ́ tà. Ó já okùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí lọ́rùn, ó sì fò mọ́ mi. Mo ké pe Jésù, èmi ayaba kèfèrí! Fáráò fi ọ̀pá àṣẹ lu àkùkọ, ọ̀pá tàsé, okùn ọrùn mi já. Àgbàdo dà sílẹ̀ ṣààà, gbogbo adìyẹ àdúgbò sì sáré dé. Níbi tí mo ti ń rákò ṣa wúrà mi, Jósẹ́fù kígbe pé, “Kábíyèsí, ìyàn ti dé!”

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo wo ọ̀dọ̀ màmá mi. Wọ́n di ikùn mú, ẹ̀rín ń pa wọ́n, omi ń dà lójú wọn. Ibẹ̀ ni ayàwòrán ti yà wọ́n.

Ìkórè tó tẹ̀ lé e ò bá wọn láyé. Fọ́tò yẹn la lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́jọ́ ìsìnkú. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó ti Èkó wá ń bi mí pé, “Kí ló ń pa ìyá yín lẹ́rìn-ín tó báyìí?”

Mo ní, “Adìyẹ ló ń jẹ wúrà ọmọ wọn.”

Àgbàdo kì í jàre lọ́dọ̀ adìyẹ, bó ti wù ká kùn ún ní wúrà tó. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe sọ ọ́, kí ẹkún tó gba ẹ̀rín náà mọ́ mi lẹ́nu.